Ọjọ́ Tí A Pe Orúkọ Àwọn Ọkọ ní Sítéṣọ̀n Ifọ̀

Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni ọmọ-ọmọ mi san ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lotto, ìtòsí Mowe níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí wọ́n lè bá a tẹ orúkọ ọkọ rẹ̀ sára kọ́ọ̀bù tíì. Kọ́ọ̀bù kan ṣoṣo o! Kọ́ọ̀bù tí èmi ò ní ra ní ẹgbẹ̀rún méjì bí wọn ò bá kọ nǹkan sí i. Mo ní, "Ṣé wúrà ni wọ́n fi kọ orúkọ náà ni?" Ó ní, "Ìyá Àgbà, ìfẹ́ ni." Mo ní ó dáa, gbogbo nǹkan ló ti gbówó lórí, kí ló dé tí ìfẹ́ ò ní gbówó lórí. Ibi tí a ti ń sọ ọ́ ni ọkọ ti wọlé, ni ọmọ yìí bá fi igbe ta láti ilé ìdáná: "Rídíwán! Rídíwán o! Bọ́ bàtà ẹ síta!" Bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò lórí èlùbọ́. Ọkọ sì bọ́ bàtà.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Wọ́n rò pé ogbó ló ń dà mí láàmú. Ogbó kọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pa ẹ̀rọ tó ń pariwo yẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí bí mo bá kú láì sọ ọ́, ẹ ó rò pé bí ayé ṣe wà nìyí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe ìyàwó ní Ifọ̀, ọdún díẹ̀ kí òyìnbó tó gbé ìjọba sílẹ̀ fún wa, bí obìnrin bá pe orúkọ ọkọ rẹ̀ báyẹn, adìyẹ tó ń yín lọ́wọ́ á dá a dúró. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti fẹsẹ̀ rẹ wọlé ọkọ ni wọ́n ti fi ìjánu sí ọ lẹ́nu. O ò gbọdọ̀ pe ọkọ rẹ lórúkọ. O ò gbọdọ̀ pe bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àbúrò rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, bí wọ́n bá ti bí i sínú agbolé náà kí o tó wọlé, ọkọ rẹ ni, kúnlẹ̀ kí i. Ìwọ fúnra rẹ lo máa wá orúkọ dídùn fún wọn. Èyí tó dúdú, o pè é ní Adúmáadán. Èyí tó ń rìn tẹ̀lé ìdí, o pè é ní Ìbàdí-Àrán. Èyí tí Ọlọ́run ò bá dá sí rere lójú, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà! O máa wò ó lọ, o máa wò ó bọ̀, títí o fi máa rí ibì kan yìn. Mo ní àbúrò ọkọ kan tó jẹ́ pé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló dùn-ún wò. Ẹlẹ́sẹ̀-Ire ni mo sọ ọ́, inú rẹ̀ sì dùn títí ó fi kú. Ọkọ tèmi, Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́, nítorí eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí ni èèyàn máa kọ́kọ́ rí lára rẹ̀, kó tó rí eyín.

Mowe níbí ni wọ́n ti bí mi. Kì í ṣe Mowe tí ẹ ń wò yìí, tí tírélà ń han lójú ọ̀nà márosẹ̀ tọ̀sán-tòru. Oko ìrẹsì ni. Ariwo tó ń jí wa ni ti ẹyẹ wẹ́wẹ́, àti ti àwa ọmọdé tí a ń lu agolo láti fi lé wọn. Láti ibí títí dé Ibafo, ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, kò fẹ̀ ju kí èèyàn méjì yà fún ara wọn. Bí a bá fẹ́ ta ìrẹsì, Ifọ̀ ni, níbi tí ọkọ̀ ojú irin wà. A ó gbé ẹrù kí àkùkọ tó kọ, a ó gba Ọ̀fadà, a ó máa rìn, a ó máa bú ara wa kí ọ̀nà lè kúrú, oòrùn á ti rọlẹ̀ ká tó dé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọkọ̀ ojú irin, mo da igbá ìrẹsì nù, mo sá wọ igbó. Ìyá mi kò bá mi wí. Àwọn ti wà nínú igbó níwájú mi.

Ọ̀nà ìrẹsì yẹn náà ni ọkọ gbà wá. Ọmọbìnrin Mowe kan fẹ́ sí Agbolé Ìsàlẹ̀ ní Ifọ̀, ó mú àbúrò rẹ̀ wá, àbúrò mú ọmọ Ibafo kan wá, ọmọ Ibafo mú èmi wá. Bí èèrà ṣe ń pe èèrà sídìí ṣúgà. Kò pẹ́, ìyàwó ilé tí ń ta ìrẹsì kún agbolé náà fọ́fọ́. Agbolé Òkè wà ní òdìkejì ojú irin, àwọn ìyàwó ibẹ̀ ń ta gàrí. Ọkọ̀ kì í dúró pẹ́ ní Ifọ̀, bí ìgbà tí èèyàn jẹ ẹ̀kọ méjì. Igi odán kan sì wà níbẹ̀, kan péré, tí yàrá àwọn mẹ̀kúnnù nínú ọkọ̀ máa ń dúró sí iwájú rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá wà nídìí odán, ó tà. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, ó gbẹ́rù padà sílé.

Ẹ ò ní láti bi mí bóyá ìjà wà. Olórí àwọn onígàrí ni Ìyá Làmídì. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ onígbàjámọ̀. Èmi náà, ẹ mọ̀ mí, Ọlọ́run ò dá mi ní odi.

"Ará oko!" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń kí mi. "Òkúta inú ìrẹsì yín ni ìjọba fi ń ṣe ọ̀nà!"

"Gàrí tiyín ńkọ́, tí wọ́n bá bu omi sí i, tí omi ń sá lọ?"

"Ìyá tó bí ọ ló ń sá lọ!"

Nígbà tí a bá fi máa dé orí ìyá àti bàbá, ọkọ̀ ti fọn fèrè, ó ti lọ, ìrẹsì wà nílẹ̀, gàrí wà nílẹ̀. Àwa méjèèjì jùmọ̀ pàdánù. Ọjọ́ kejì, a ó tún bẹ̀rẹ̀.

Inú ìjà yìí ni mo ti mọ Ìyá Ráfátù. Àwọn ni mo tilẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn láti ìdájí, kọ́ọ̀bù ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ìyàwó Agbolé Ìsàlẹ̀ wa náà ni wọ́n, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi jù mí lọ. Aránṣọ ni wọ́n. Máṣíìnì wọn wà lábẹ́ òrùlé páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítéṣọ̀n, ó ń ké tàkà-tàkà-tàkà, bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, àwọn méjèèjì á jọ máa sáré. Kò sígbà tí òwú kì í sí láàárín ètè wọn. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ gbogbo nìyẹn, òwú lẹ́nu, gbogbo ọ̀rọ̀ a máa jáde wẹ́wẹ́ bí ẹni ń yọ́ kẹ́lẹ́. Wọn ò lọ ilé ìwé. Ọkọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ló fi pátákó orúkọ àwọn sítéṣọ̀n kọ́ wọn ní ìwé kíkà, torí náà wọ́n lè ka Ifọ̀, wọ́n lè ka Abẹ́òkúta, kó tó wá di pé wọ́n ń ka ìwé ìròyìn.

Abẹ́òkúta yẹn ni wọ́n máa ń wọ ọkọ̀ lọ, wọ́n á lọ jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń ṣèpàdé. Àwọn ni obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbègbè wa tó sọ fún wa pé obìnrin lè fọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹni tó máa ṣe olórí rẹ̀. A rò pé abẹ́rẹ́ ti gún wọn dé ọpọlọ. Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ìyá Ráfátù, kí lẹ fẹ́ fi ìbò ṣe? Ṣé a máa ń sè é ni?"

Wọ́n yọ òwú lẹ́nu. Ìgbà tí wọ́n bá yọ òwú lẹ́nu, ẹ yáa dákẹ́.

"Àbúrò mi kan ṣoṣo," wọ́n ní, "wọ́n mú un lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà. Fìlà rẹ̀ ni wọ́n kó padà fún wa. Ìjọba tó mú un lọ, èmi kọ́ ni mo yàn án. Ẹni tí mi ò bá bá wọn yàn, kò gbọdọ̀ rán ẹni mi lógun mọ́." Wọ́n dá òwú padà sẹ́nu, máṣíìnì tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fìlà yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n fẹ́ rí ìjà. Ìjà kékeré, ìjà ńlá, ìjà orogún, ìjà ọjà, wọ́n á dé ibẹ̀. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Ajúwọ̀n nítorí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó ń jà sí ìkòkò. Bí wọ́n sì ṣe ń parí ìjà, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Wọn kì í gbọ́ ẹjọ́. Wọ́n á fún àwọn oníjà méjì ní aṣọ gígùn kan, abẹ́rẹ́ méjì. Ìwọ bẹ̀rẹ̀ láti igun yìí, ìwọ bẹ̀rẹ̀ láti igun tọ̀hún, ẹ máa rán etí rẹ̀ bọ̀ títí ẹ fi máa pàdé láàárín. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde kí ojú rírán tó kan ojú rírán.

Wọ́n fi èmi àti Ìyá Làmídì sí i. Ìyá Làmídì ń rán an wẹ́wẹ́, kó má bàa yá, kí èmi lè ṣe èyí tó pọ̀. Mo rí i, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rán an wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ wákàtí kan di ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹta, ebi pa wá, ẹ̀yìn ń ro wá, a wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. A pàdé láàárín. Ìlà náà wọ́ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Àlàáfíà náà gbé títí ọkọ̀ tó kàn fi dé.

Nígbà tí Ìyá Ráfátù kú, ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn gbogbo èyí, a ṣí àpótí wọn, a bá aṣọ mẹ́tàdínlógún níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ní ibi tó wọ́ láàárín. Gbogbo ìjà Ifọ̀ ni wọ́n ká síbẹ̀, wọ́n fi káńfọ̀ sí i kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Mo rí tiwa. N kò sunkún títí mo fi rí i.

Ẹ jẹ́ n padà. Káńsù fẹ́ kọ́ àtíbàbà ọjà fún wa, wọ́n ní obìnrin ń pọ̀ jù nínú òjò àti oòrùn. Inú wa dùn. Ìgbà tí wọ́n máa fi ibẹ̀ hàn wá, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta símẹ́ǹtì ni, ọ̀nà jìn sí ojú irin tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ á fi dúró, á tún ṣí, kí ẹni tó fẹ́ ra ìrẹsì tó sáré débẹ̀. Ilẹ̀ onísímẹ́ǹtì, símẹ́ǹtì onísímẹ́ǹtì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń du ipò nínú káńsù. Ó ti jẹ dídùn, ó tún fẹ́ lá ọwọ́. Bí wọ́n bá kọ́ ọjà yẹn síbẹ̀, tí wọ́n sì lé wa kúrò nídìí odán, òwò ti kú. Ti ìrẹsì ti kú, ti gàrí ti kú.

Ìyá Ráfátù ní, "Ìbò ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé owó orí lọ́wọ́ ló lè dìbò, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Ẹ lọ san owó orí."

Háà! Ẹ jẹ́ kó yé yín pé ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn obìnrin ti fi igbe àti ẹkún lé owó orí obìnrin kúrò nílẹ̀ wa. Ìyá mi wà níbẹ̀. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì lé ejò jáde, ẹ wá ń ní kó lọ tẹ́ ẹní fún un. Wọ́n bú Ìyá Ráfátù ní Ìsàlẹ̀, wọ́n bú wọn ní Òkè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí agbolé méjèèjì máa fẹnu kò sórí nǹkan kan. Ìyá Ráfátù ò dáhùn. Wọ́n lọ san tiwọn, wọ́n gbé ìwé náà kọ́ iwájú máṣíìnì, wọ́n ń ránṣọ lọ. Ojoojúmọ́ ni a ń kọjá, tí ìwé ń wò wá. Obìnrin ò lè fara da ohun tí obìnrin kan ní tí òun ò ní. Mo yọ́ lọ san tèmi. Ibi tí mo ti ń jáde ni mo ti rí Ìyá Làmídì tó ń yọ́ wọlé. Nígbà tí oṣù máa fi parí, àwa mọ́kànlélógójì ni.

Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ wa sínú ìwé ìbò, ọmọ Èkó ni, géńdé tó tinrín bí igi ìṣáná, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ń pe bàbá rẹ̀ lórúkọ lọ́sàn-án gangan. Ó bi mí, "Kí lorúkọ rẹ?" Mo sọ. "Ìyàwó ta ni?" Mo ní, "Eyínfúnjowó." Ó kọ ọ́. Ó bi ìkejì, ó ní "Adúmáadán." Ó kọ ọ́. Ohun tí kálukú ń pe ọkọ rẹ̀ nílé ló sọ. Ọkùnrin tó ní ìyàwó mẹ́ta, ó di ọkùnrin mẹ́ta. Bí ẹ bá ka ìwé yẹn, ẹ ó rò pé kò sí ibi tí ọkùnrin ti rẹwà tó Ifọ̀.

Onísímẹ́ǹtì lọ yẹ ìwé wò. Ó padà dé pẹ̀lú akọ̀wé, ó dúró nídìí odán, ó ń pariwo:

"Obìnrin mọ́kànlélógójì! Ta ni Eyínfúnjowó? Ta ni Ìbàdí-Àrán? Mo ti yẹ ìwé owó orí ọkùnrin wò láti òkè délẹ̀, kò sí ẹyọ kan níbẹ̀! Ṣé iwin ni wọ́n fẹ́ ni?"

Ó mọ̀ o. Ìyàwó tirẹ̀ ń pè é ní Olówó-Èkó, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n òfin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé ní títí di ìrọ̀lẹ́ Alámísì, kí ọkọ̀ tó gbé òun lọ sí Abẹ́òkúta, obìnrin tí wọn ò bá pe orúkọ ọkọ rẹ̀ gan-an níwájú òun, òun máa fi pẹ́ńsù pa á rẹ́. A ní ṣé kò sí ọ̀nà míì. Ó ní ẹlẹ́rìí lè pè é, bí ẹlẹ́rìí náà bá ní ìwé owó orí lọ́wọ́.

Lójú wa, ìyẹn túmọ̀ sí ọkùnrin. Àwọn ọkọ wa kọ̀. Onísímẹ́ǹtì ti ń bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n máa tẹ̀lé ìyàwó lọ bá a di ìró mọ́ ìdí níbi ìbò. Ọkọ tèmi ì bá lọ, kì í bẹ̀rù ẹ̀sín, etí rẹ̀ ti mú kó mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n rélùwéè, tí òun náà ń bá ṣiṣẹ́, ti gbé e lọ ṣe irin lójú ọ̀nà Ìdógò, kò ní dé títí di ọjọ́ Sátidé.

Ìyá ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin kúkúrú, ìdákẹ́ wọn ń dẹ́rù bani ju ariwo lọ. Wọ́n pè mí, mo kúnlẹ̀.

"Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kí ẹ wá máa pe àwọn ọmọ wa lórúkọ ní ìta gbangba."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, Ìyá."

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe ìyàwó bàbá ọkọ rẹ. Ó ti kú, mi ò tíì pè é. Lọ́jọ́ tí o bá pe ọmọ mi lórúkọ lẹ́nu ara rẹ, má gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé mọ́."

Bí mo bá dákẹ́, mi ò ní ìbò, a ò sì ní ìdí odán. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mi ò ní ilé.

Àárọ̀ Alámísì, Ìyá Ráfátù ránṣẹ́ pè mí, mo débẹ̀, mo bá Ìyá Làmídì lórí àpótí. Mo fẹ́ padà. Wọ́n yọ òwú lẹ́nu. Mo jókòó.

"Ìyàwó kì í pe ọkọ agbolé rẹ̀," wọ́n ní. "Ó dáa. Èmi náà kì í pè é. Ṣùgbọ́n òfin ilé wo ló ní kí ìyàwó Òkè má pe ọkọ Ìsàlẹ̀? Kí ìyàwó Ìsàlẹ̀ má pe ti Òkè? Ìwé owó orí wà lọ́wọ́ gbogbo yín."

Lóòótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ tú sílẹ̀ láti pe ọkọ mi láyé yìí àfi ọ̀tá mi.

Ìyá Làmídì fi ọwọ́ nu ẹnu. "Èmi? Kí n dúró lójú oòrùn, kí n máa ka ọkọ àwọn onírẹsì bí ẹni ń ka àgbàdo?" Ó ronú díẹ̀. "Bí mo bá pè é, ṣé mo lè fi ohun tó wù mí kún un?"

"Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ bá ti pé," Ìyá Ráfátù ní.

Ojú Ìyá Làmídì tú ká. N kò rí i kó yọ̀ báyẹn rí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ pàdánù. Gbogbo Ifọ̀ jáde. Akọ̀wé gbé tábìlì sídìí odán. Ìyá Ráfátù ló kọ́kọ́ dúró, Ìyá Làmídì ṣe ẹlẹ́rìí.

"Kí lorúkọ ọkọ obìnrin yìí?"

"Bùráímọ̀ ni! Bùráímọ̀ tó ń hanrun bí ọkọ̀ ojú irin, tí gbogbo Agbolé Òkè ò rí oorun sùn!"

"Bùráímọ̀ nìkan tó," akọ̀wé ní.

Ìyá Ráfátù dojú bolẹ̀, èjìká wọn ń gbọ̀n. Òwú jábọ́ lẹ́nu wọn, ẹ̀rín ló jù ú nù.

Ó kan èmi láti ṣe ẹlẹ́rìí fún Ìyá Làmídì. Mo ti ń dúró de ọjọ́ yìí láti ọdún mẹ́ta. "Jínádù ni!" mo ní. "Jínádù tó ti jẹ ẹran Iléyá kí ìmáámù tó dìde lórí ìrun!" Ìyá Làmídì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òótọ́ ni, ẹ̀dọ̀ ló jẹ."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Onírẹsì ń pe ọkọ onígàrí, onígàrí ń pe ọkọ onírẹsì, olúkúlùkù ń fi ẹ̀bùn tirẹ̀ kún un. Lásìmú tó gbàgbé ìyàwó sí Ibafo. Ràímì onígbèsè ẹmu. Àwọn ọkùnrin ń sá kúrò lójútáyé lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ń kọ̀wé, omijé ń bọ́ sórí ìwé, ó ní kí a má ṣe é mọ́, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àga lábẹ́ ìgànná, wọ́n ká apá mọ́ àyà, wọn ò rẹ́rìn-ín rárá.

Èmi ni mo ń to àwọn obìnrin sórí ìlà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni ìkẹyìn. Ogójì ti lọ, ó ku ẹyọ kan. Ọkọ̀ fọn fèrè lọ́nà jíjìn. Àwọn onígàrí yòókù gbé igbá, wọ́n sáré lọ pàdé rẹ̀. Akọ̀wé bo ìgò tàdáwà.

"Ẹlẹ́rìí rẹ dà?"

Ìyá Làmídì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó la ẹnu. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó tún là á. "Hhh," bí ìgbà tí táyà kẹ̀kẹ́ ń jò. Láti àárọ̀ ló ti ń pariwo, èyí tó fi kún orúkọ ló ju orúkọ lọ, ohùn ti há mọ́ ọn lọ́fun. Ó di ọwọ́ méjèèjì mú etí ara rẹ̀, ó fà á síwá sẹ́yìn, ó ń fi etí ọkọ mi han akọ̀wé. Akọ̀wé ní, "Kí nìyẹn? Ẹnu la fi ń pè é." Ọkọ̀ ti dé. Ó di ìwé mú, ó ń dìde.

Mo wo Ìyá Ráfátù. Wọn ò sọ pé kí n pè é. Wọn ò sọ pé kí n má pè é. Wọ́n kàn yọ òwú lẹ́nu.

"Sùnmọ́nù," mo ní. Kò jáde dáadáa. Mo tún un pè. "Sùnmọ́nù Àlàbí! Ọkọ mi ni!"

Akọ̀wé tún ìgò tàdáwà ṣí, ó kọ ọ́, ó sá wọ ọkọ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, àga ìyá ọkọ mi ti ṣófo.

Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé: a dìbò o. Gbogbo wa pátá. Onísímẹ́ǹtì fìdí rẹmi, ó fi símẹ́ǹtì rẹ̀ kọ́ ilé ara rẹ̀. Àtíbàbà náà, ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni wọ́n kọ́ ọ sí, ó gùn tó kí ìrẹsì wà lápá kan, kí gàrí wà lápá kejì, kí ẹnikẹ́ni má sì rí àyè bú ẹnikẹ́ni bí kò bá pariwo. A pariwo.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ Alámísì yẹn, mo délé, mo bá àpótí aṣọ mi níta. Ìyá ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Ìyá Ráfátù dé, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá Làmídì dé láti Òkè, tí kò tẹ ẹsẹ̀ sí agbolé wa rí, òun náà kúnlẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń mi orí. Lẹ́yìn náà, onírẹsì, onígàrí, gbogbo wọn kúnlẹ̀ kún ojúlé.

"Ẹ fi orí jì í, Ìyá," Ìyá Ráfátù ní. "Nítorí tiwa ni."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó fọhùn. "Ìtánràn ni kó san. Ṣílè mẹ́ta. Òfin ò gbọdọ̀ lọ lásán."

Ṣílè mẹ́ta! Mi ò ní kọ́bọ̀, mo ti fi gbogbo rẹ̀ san owó orí. Ìyá Làmídì ló tú ìdí ìró, ó ju owó sínú igbá. Ni gbogbo wọn bá ń jù ú, eépìnnì, kọ́bọ̀, eépìnnì, kọ́bọ̀. Ìyá Ráfátù kà á: ṣílè mẹ́rin àti kọ́bọ̀ méjì. Wọ́n gbé igbá àti ìyókù fún mi, wọ́n yọ ṣílè mẹ́ta fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n gbà á, wọ́n so ó mọ́ gèlè. Wọ́n ní kí n gbé àpótí mi wọlé.

Mo ń kọjá lára wọn lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n fa aṣọ mi.

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?" wọ́n bi mí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ni, Ìyá?"

"Orúkọ rẹ̀."

Mo ronú sí i. "Ó dùn, Ìyá."

Wọ́n wo ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Ètè wọn mì. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí, ṣùgbọ́n orúkọ ọkùnrin kan ni, kò sì gùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó jí ẹran jẹ. Wọ́n tú gèlè, wọ́n mú tọ́rọ́ kan, kọ́bọ̀ mẹ́ta ìgbà yẹn, jáde, wọ́n jù ú sínú igbá mi, wọ́n ní kí n máa lọ.

Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fi ta ìrẹsì, mo ta aṣọ, mo ta pákó, mo jèrè, mo pàdánù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ta orúkọ ọkọ mi. Nígbà tí mo dé yàrá, mo da igbá náà sórí ẹní, mo ka èrè mi: ṣílè kan àti kọ́bọ̀ márùn-ún.